Ọmọ tí ó Kàwé Tán tí ó Ṣì Ń Gbé Ilé Bàbá Rẹ̀: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí a fi ń pe obìnrin tí ó ti relé ọkọ tí ó sì tún padà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀: dálémosú ni. Orúkọ ẹ̀gàn ni. Kò sí obìnrin tí ó fẹ́ kí a pe òun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wá inú èdè náà títí, ó ṣòro kí a tó rí orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin tí ó dàgbà tí kò kúrò nílé bàbá rẹ̀. Àpọ́n wà, ṣùgbọ́n àìníyàwó ni àpọ́n ń sọ, kò sọ ibi tí ènìyàn ń gbé. Ọ̀lẹ wà, alápá-má-ṣiṣẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ lè ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ni ó fà á tí èdè tí kì í wá orúkọ tì fi dákẹ́ lórí èyí? Ìdáhùn tí a rò pé ó bá ìtàn mu ni pé àwọn tí wọ́n ni èdè náà kò ka gbígbé ilé bàbá sí ohun tí ó ń fẹ́ orúkọ. Ibi tí ọmọkùnrin ń gbé nìyẹn.

Lónìí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. "Ó ti jáde yunifásítì láti ọdún mẹ́ta, ó ṣì jókòó sílé." Bí òbí bá ń sọ gbólóhùn yìí, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ bá wọn lọ sí òde ìnáwó, kí àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ má baà bi í pé ibo ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìlú tí a kò ti ń gbọ́ irú èyí, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni a yàn láti fi wo ìtàn rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni agboolé àtijọ́, oko kòkó àti yunifásítì ti pàdé ara wọn nínú ìlú kan ṣoṣo. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé gbígbé ilé bàbá kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìlérí tí ìwé-ẹ̀rí ṣe ni ó jẹ́ tuntun, pé ẹni tí ó bá kàwé yóò kúrò nílé. Àwa olùkọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, nítorí láti ẹnu wa ni ìlérí náà ti jáde.

Agboolé àti ètò inú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé náà fúnra rẹ̀. N. A. Fadipẹ, ẹni tí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní London ní 1939 (lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1970, ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn), àti William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, sọ púpọ̀ nípa ìdílé tí ń gbé agboolé. Àwọn àgbà wa pẹ̀lú ṣì lè júwe rẹ̀ láìwo ìwé. Òrùlé yí àgbàlá ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà níwájú àwọn yàrá. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọkùnrin ń sùn nígbà tí ó kéré. Bí ó bá ti ń di géńdé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agboolé ń tẹ́ ẹní sí. Ìgbà tí ó bá fẹ́ gbé ìyàwó ni a óò wá yàrá fún un. Bí yàrá kò bá sí, a óò po amọ̀, a óò sì mọ yàrá mìíràn mọ́ ilé. Báyìí ni ilé ṣe ń gùn sí i ní Ìrẹ̀mọ, ní Ìlódè, ní Mọ̀ọ̀rè, ní Òkèrèwè àti ní Ìlàrè. Ọmọbìnrin ni ó ń kúrò nílé, nítorí ilé ọkọ ni ó ń lọ, ilé ọkọ náà sì jẹ́ agboolé bàbá ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ní dálémosú fún obìnrin tí a kò sì ní irú rẹ̀ fún ọkùnrin: ẹni tí a retí pé yóò lọ nìkan ni a lè fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ bú.

Ṣùgbọ́n gbígbé náà kì í ṣe gbígbé lásán. Oko bàbá ni ọmọkùnrin ń lọ láàárọ̀. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, bàbá lè fún un ní ààyè ilẹ̀ kékeré kan tí yóò máa ro fún ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe tàbí parí iṣẹ́ bàbá. Ní ìdàkejì, bàbá ni ó jẹ ẹ́ lógún láti fẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ fún un, kí ó san gbogbo ohun tí àwọn àna bá béèrè, kí ó sì fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi bọ́ ìyàwó náà. Nípa bẹ́ẹ̀ àdéhùn ni gbígbé ilé jẹ́, ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mọ ohun tí òun jẹ ẹnìkejì ní gbèsè. Ọmọ tí ó ṣe é dáadáa, wọn a ní ó dúró ti bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni "dúró ti" jẹ́ ní ibí yìí, kò yẹ kí ó sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí a má ṣe fi oyin sí i jù. Bàbá tí ó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí ọmọ náà sì máa sin olówó títí a ó fi san owó náà. Ọkùnrin tí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún lè máà ní kọ́bọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ bí bàbá bá le. Àwọn tí kò lè fara dà á sá lọ: ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, òwò ọ̀nà jíjìn gba àwọn mìíràn, nígbà tí rélùwéè sì dé, ó gba tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé agboolé àtijọ́ kò ní wàhálà kò gbé inú rẹ̀ rí.

Òfin pẹ̀lú mọ ẹ̀tọ́ ọmọ láti gbé ilé. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní Èkó ní 1908 sí 1909, dá lórí ilé àti ilẹ̀ tí Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1874. Ilé-ẹjọ́ gbà pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ti ẹbí, kò sì sí ẹni tí ó lè dá gbé e tà. Láti ìgbà náà ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹbí àti ti ẹ̀tọ́ ọmọ láti gbé inú rẹ̀. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì fún wa ni pé Adájọ́ Àgbà Osborne gbà pé àkọ́bí tí ó kù láyé ni olórí ẹbí, ìbáà ṣe obìnrin. Òfin ilé ẹbí kò bu dálémosú tó bí ẹnu àdúgbò ti ń bú u.

Kòkó àti ọmọ tí ó wà ní abúlé

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Ifẹ̀ padà sínú ilé wọn. Ogun ti lé wọn kúrò ní 1849, wọ́n wà ní Ìsọ̀yà títí di 1854. Ogun tún lé wọn ní àwọn ọdún 1880, ó sì di 1894 kí wọ́n tó tún padà. Ìlú tí a ń tún kọ́ ni kòkó bá. Láàrin ogójì ọdún, oko kòkó ti gba ìhà Òlódè àti Ìfẹ̀tẹ̀dó, àwọn àlejò láti ìlú mìíràn sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ Ifẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà wá ní ibùgbé méjì: ahéré ní abúlé, yàrá ní agboolé. Ó lè lo oṣù mẹ́ta nínú oko láìdé ìlú, ṣùgbọ́n ilé bàbá ni ó ń wá ṣe ọdún sí. "Ilé ni àbọ̀ sinmi oko" kì í ṣe òwe lásán fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Owó kòkó ni ó rán ọmọ lọ sílé-ìwé. Ní 1932 ni a dá Odùduwà Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ẹni tí ó jọba láti 1930 títí di 1980, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ kò pọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ sì hàn kedere: iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò. Iṣẹ́ wọ̀nyí a máa gbé ènìyàn láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí Kano tàbí Jos kò lè sùn nílé bàbá rẹ̀ ní Ìlódè. Láti ibẹ̀ ni ìwé kíkà àti kíkúrò nílé ti so pọ̀ lójú àwọn ènìyàn.

Sara Berry, tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè Ifẹ̀ àti àwọn mẹkáníìkì inú ìlú, tẹ ìwé kan jáde ní 1985 tí àkọlé rẹ̀ sọ pé àwọn bàbá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ẹ gbé àkọlé náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí Fadipẹ kọ. Nínú agboolé, ọmọ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún bàbá kí bàbá tó fẹ́ ìyàwó fún un. Nígbà kòkó, bàbá ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ, tí ó ń san owó ilé-ìwé, tí ó sì ń retí pé ọmọ náà yóò lọ jìnnà, yóò sì máa fi owó ránṣẹ́ sílé. Àdéhùn náà ti yí padà sí ìdàkejì láìsí ẹni tí ó kéde rẹ̀.

Ọdún 1955

Ohun tí kòkó ṣe fún ìwọ̀nba ìdílé, ìjọba ṣe é fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú S. O. Awókọ̀yà tí ó jẹ́ mínísítà ètò-ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ìwé ní 1954; ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ nínú agboolé kan. Ọmọ tí ì bá wà ní oko bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ti wà ní kíláàsì, nínú ilé-ìwé tí a sáré kọ́, lọ́wọ́ olùkọ́ tí a sáré kọ́ níṣẹ́.

Ní òpin ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, àwọn tí ó wọlé ní 1955 parí ìwé kẹfà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tó wọn, owó rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí. Ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà, tí ó jẹ́ ọdún mẹ́ta, gba díẹ̀ nínú wọn. Àwọn ìyókù padà sílé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́. Láti 1960 ni Archibald Callaway ti ń kọ̀wé nípa wọn láti Ìbàdàn, tí ó ń kìlọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé kò lè gba gbogbo àwọn tí ń jáde ìwé. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wa tí a rí ọmọ púpọ̀ tí wọ́n "jókòó sílé" lójú ìjọba àti lójú ìdílé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ìyẹn ọjọ́ orí tí bàbá bàbá wọn ṣì ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi padà sí oko? Ó rọrùn láti dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi, àwọn olóṣèlú sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ilé-ìwé kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, kí ó lọ gé koríko. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ó lọ kọ ebè ní oko tíṣà. Iṣẹ́ tí bàbá ọmọ náà fi ń jẹun ni a sọ di ìjìyà ní ilé-ìwé, ọkọ́ àti àdá ni a sì fi ń nani bí a ti ń fi pàṣán nani. Bàbá náà kín wa lẹ́yìn, nítorí òun pẹ̀lú ń sọ fún ọmọ pé irú ìyà tí òun jẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà irú ẹ̀kọ́ yìí, kò yẹ kí ẹnu ya ẹnikẹ́ni pé ọmọ kò fẹ́ di ọkọ́ mú.

Ìjọba wá ojútùú. Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, wo àpẹẹrẹ àwọn abúlé àgbẹ̀ ní Israel, láti nǹkan bí 1959 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó jáde ìwé. Méjì nínú wọn, Àgọ́-Òwu àti Ẹ̀sà-Òkè, wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní. Wọ́n kọ́ ilé fún ọmọ, wọ́n fún un ní ilẹ̀, wọ́n yá a lówó. Ọ̀pọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó yá. Lójú tiwa, ohun tí ó ṣeni ní kàyéfì jù nínú ètò náà ni pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ àti yàrá ni a mú kúrò nílé, kí ó lè lọ ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú owó ìjọba. Ìjọba pàápàá ti gbà pé ẹni tí ó kàwé kò gbọdọ̀ wà nílé.

Àwọn tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ṣe é yàtọ̀. Ọmọ tí ó lọ kọ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ bíríkìlà tàbí iṣẹ́ wẹ́dà yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá ṣe fúrídọ́ọ̀mù, wọn a pe ẹbí, wọn a jẹ, wọn a mu, ọ̀gá a sì gbàdúrà fún un. Lọ́jọ́ kejì ilé bàbá rẹ̀ ni ó ṣì ti jí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ó ń kó irinṣẹ́ jọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó jókòó sílé. Ó ní iṣẹ́ tí a lè fi orúkọ pè. Ọmọ oníwèé-ẹ̀rí tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a dárúkọ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá níbí, nítorí gbogbo wa ni a fi ń yangàn. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ètò náà fi hàn pé èdè ilé lè gbé ìmọ̀ ilé-ìwé. Èyí tí àwa onímọ̀ èdè kò béèrè tó ni ohun tí ilé-ìwé yóò máa fi èdè náà sọ nípa ilé.

Yunifásítì àti ìgbà tí ohun gbogbo rọrùn

Òfin tí ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ jáde ní 1961. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1962, ní 1967 sì ni wọ́n kó dé Ilé-Ifẹ̀. Ní 1987 ni orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ láàrin 1967 sí nǹkan bí 1980 kì í pẹ́ ríṣẹ́. Nígbà tí a dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, àwọn 2,364 ni ó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ irú wọn ti ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ kí ọdún ìsìnrú-ìlú wọn tó pé. Owó epo ń wọlé, ìjọba ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìjọba àti owó ìyárá-ra-mọ́tò ń dúró de ẹni tí ó kàwé.

Ìgbà yìí kò ju bí ogún ọdún lọ. Òun sì ni àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀, tí wọ́n di bàbá àti ìyá, fi ń wọn àwọn ọmọ wọn di òní. "Nígbà tí mo tó ẹ, mo ti ń gbé ilé tèmi." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bàbá tiwọn kò lè sọ irú rẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí ó fi di 1979 tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Ifẹ̀ wà nígbà náà, ọ̀nà iṣẹ́ ti ń dí. Àwọn tí ó wọ girama ní ọdún náà jáde ní 1984, ọdún tí ìjọba ológun ń dá àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP dé ní 1986. Ní àkókò kan náà ni ìjọba Babangida gbé àjọ ìpèsè iṣẹ́ NDE kalẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọba mọ̀ pé ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó mọ́.

Ilé tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa àìríṣẹ́ kì í sábà kíyè sí, òun ni bí ilé ṣe yí padà. Agboolé wó díẹ̀díẹ̀. Ilé onípákó àti páànù, lẹ́yìn náà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn náà fúláàtì oníyàrá mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. A ya fúláàtì fún ọkọ, aya àti àwọn ọmọ kéékèèké. Kò sí ibi tí géńdé ọkùnrin lè wà nínú rẹ̀ láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sí ibi tí a lè mọ yàrá mọ́ ọn bí ó bá fẹ́ gbéyàwó. Ilé náà fúnra rẹ̀ ti retí pé ọmọ yóò lọ. Ọmọ ọdún 27 tí ń sùn lórí àga ní pálọ̀, tí ó ní láti dìde kí bàbá rẹ̀ tó jáde gbọ́ ìròyìn, kò ní ààyè tí bàbá ńlá rẹ̀ ní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀yà kan tí kò sí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yàrá nínú ọgbà yunifásítì ń gba ilé láàrin ìlú, owó ilé wọn sì jẹ́ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ onílé tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kò ṣòro láti rí ilé tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń san owó yàrá kan tí ọmọ onílé, tí ó jáde láti yunifásítì kan náà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kò sì ní yàrá. Bàbá kò ṣìkà. Owó yàrá náà ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ tí ó wà ní pálọ̀. Bí ọmọ náà bá sì fẹ́ lọ gba yàrá níbòmíràn, owó ọdún kan, owó ejẹ́ntì àti owó àdéhùn ni yóò kọ́kọ́ kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, pàápàá èyí tí ó wáyé láàrin 1997 sí 2000, jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Àwọn tí ó jáde ìwé ní ọdún wọ̀nyẹn kò rí ilé bàbá tí wọn ì bá jókòó sí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ní ìlú mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Gbígbé ilé bàbá, bí ó ti wù kí ó tini lójú tó, ohun tí ogun lè gbà lọ́wọ́ ẹni ni.

Láti 2011 títí di òní

Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà Ọ̀ṣun ní òpin 2010, ọ̀kan nínú ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni ètò O-YES, tí ó gba ọ̀dọ́ 20,000 tí wọ́n sì ń gba ₦10,000 lóṣù. Owó náà kò tó gba yàrá, ilé òbí ni àwọn tí ń gbà á ń gbé, ṣùgbọ́n ó tó kí ènìyàn máa ra ọṣẹ kí ó sì máa dá owó mọ́tò rẹ̀. Láàrin 2015 sí 2018, ohun tí a kò rò rí ṣẹlẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tí ipò wọn ga, olùkọ́ wà lára wọn, ń gba ìdajì owó oṣù. Nínú ilé púpọ̀, owó tí ọmọ "tí kò ríṣẹ́" ń rí nínú gbígé irun, rírán aṣọ, kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí títún fóònù ṣe ni wọ́n fi ń ra gaàrí. Ta ni ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ta ni? Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2020, pẹ̀lú àrùn kòrónà, àti ti 2022 tí ó gba oṣù mẹ́jọ, tún dá àwọn tí kò tíì jáde pàápàá padà sílé.

Ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Ọmọkùnrin tí ó wà nílé, iṣẹ́ ni a ń bi í. Ọmọbìnrin tí ó kàwé jáde tí ó wà nílé, iṣẹ́ àti ọkọ ni a ń bi í, a sì tún ń retí pé òun ni yóò dáná. Bí ó bá ní owó tí ó fi lè gba ilé, àwọn onílé kan kì í fẹ́ gba obìnrin tí kò ní ọkọ. A kò tíì pè é ní dálémosú, nítorí kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò ó kò jìnnà sí i.

Ìlú òyìnbó pàápàá, ibi tí a ti kó àṣà kíkúrò nílé wá, ti ń rí irú rẹ̀. John Hajnal, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1965 àti 1983, fi hàn pé ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ́ a máa kúrò nílé lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé ẹlòmíràn, a sì dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá gbéyàwó. Àṣà ibẹ̀ ni. Kò kan gbogbo ayé. Ní oṣù keje 2020, nígbà kòrónà, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew rí i pé ìpín 52 nínú 100 àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 18 sí 29 ni ó ń gbé lọ́dọ̀ òbí. Ní Japan, Masahiro Yamada ti fún irú wọn lórúkọ láti 1999, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ni àpọ́n tí ó jẹ́ àfòmọ́. Kò yẹ kí a yá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lò. Èdè tí ó ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ayébáyé ní ìdí tí ó fi dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní àròkọ, tí ẹ sì ń yẹ ìwé wọn wò nígbà ìdánwò, ẹ óò ti kíyè sí i pé "jókòó sílé" ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nínú ohun tí àwọn ọmọ ń kọ nípa ẹ̀gbọ́n wọn, tí "dúró ti bàbá" kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ó kọ̀wé pé ẹ̀gbọ́n òun ń tún fóònù ṣe nílé, tí ó sì ń gbé bàbá wọn lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ṣìwí bí kò bá pè é ní ọ̀lẹ. Bí bàbá náà bá ní oko kòkó ní ìhà Òlódè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ni ó mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé, nítorí òun ni ó wà nílé nígbà tí bàbá ṣì lè rìn dé ibẹ̀.

Ohun kan kù tí ó ń kọ wá lóminú ju ìtìjú lọ. Ẹ̀tọ́ tí òfin mọ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ilé ẹbí ni ó wà fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tí ọmọ wọn tí ó kàwé wà nílé lónìí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ayálégbé ni wọ́n. Ìlú tí iṣẹ́ gbé wọn dé ni wọ́n ń gbé, yàrá wọn nínú agboolé bàbá wọn sì ti wó. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, nígbà tí bàbá bá kú, tí àwọn àlejò òkú bá ti tú ká, onílé ni yóò kan ilẹ̀kùn láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ bóyá wọ́n fẹ́ san owó ọdún tí ń bọ̀ tàbí wọ́n fẹ́ kó ẹrù wọn.